Ìrìn-àjò Afẹ́ Tí Ó Ń Fi Iná àti Ẹ̀fọ́ Sílẹ̀ fún Onílé: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Ẹgbẹ́ Yorùbá ní Àbújá

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde àti ẹgbẹ́ inú ìjọ tí àwa Yorùbá dá sílẹ̀ ní Àbújá ni ó máa ń gba bọ́ọ̀sì lọ sí Ushafa, sí ibi tí omi Gurara ti ń já bọ́ láti orí àpáta, tàbí sí ìdí àpáta Zuma nígbà ìsinmi. Wọ́n á gbé kúlà oúnjẹ láti ilé, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á jó díẹ̀, wọn á sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tí ó máa ń kù lẹ́yìn wọn kì í ju ọ̀rá píọ́wọ́tà àti abọ́ ìsọnù lọ. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ kí owó ìgbafẹ́ rẹ̀ di gáàsì ìdáná tí a fi ìdọ̀tí ṣe, kí ó sì di ọgbà ẹ̀fọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní abúlé tí ó gbà á lálejò.

Ibi tí irú iṣẹ́ yìí ti sábà máa ń dẹnu kọlẹ̀ kò ṣòroó mọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, tàbí ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ni àlejò ń wá, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni àgbá gáàsì, ìyẹn àgbá tí ìdọ̀tí ti ń di gáàsì, ń jẹun, ojoojúmọ́ sì ni ẹ̀fọ́ ń mu omi. Ọjọ́ ìsinmi tí àlejò ráyè láti rìn gan-an ni wọ́n máa ń ti ilé-ẹ̀kọ́ pa. Oṣù Kejìlá tí gbogbo ènìyàn ń gbafẹ́ sì ni omi máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n ní àwọn abúlé wọ̀nyí. Nítorí náà, ìbéèrè kan ni gbogbo ìgbésẹ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ yìí rọ̀ mọ́: ta ni yóò máa bọ́ àgbá náà, ta ni yóò sì máa bomi rin ọgbà, ní ọjọ́ tí àlejò kankan kò sí níbẹ̀?

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ yan ibi kan, kí ẹ sì kọ́kọ́ rí onílé

Ibi kan ṣoṣo ni kí ẹ yàn, kí ẹ sì máa padà síbẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ó bá ń lọ sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́dọọdún kò lè ní àgbá gáàsì tí ó ń ṣiṣẹ́ níbì kankan. Fún ẹgbẹ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, Ushafa tàbí abúlé mìíràn ní agbègbè Bwari ni mo fara mọ́, nítorí ó sún mọ́ ìlú, adágún omi Usuma tí Àbújá ń mu wà nítòsí rẹ̀, ibi ìmọ ìkòkò sì wà níbẹ̀. Ushafa ti mọ àlejò tipẹ́. Bill Clinton ṣàbẹ̀wò síbẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2000, nígbà tí ó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà. Àwọn Gbagyi ni wọ́n ni ilẹ̀ yìí kí òfin ọdún 1976 tó sọ ọ́ di agbègbè olú-ìlú, iṣẹ́ ìkòkò wọn sì gbajúmọ̀ débi pé àwòrán Ladi Kwali, amọ̀kòkò tí ó jẹ́ ọmọ Gbagyi, ni ó wà lẹ́yìn owó náírà 20.

Ẹni méjì tàbí mẹ́ta péré ni kí ẹgbẹ́ rán lọ ní àkọ́kọ́, kí ọ̀kan nínú wọn sì gbọ́ Hausa dáadáa bí kò bá sí ẹni tí ó gbọ́ Gbagyi. Ọ̀dọ̀ maiangwa, ìyẹn olórí àdúgbò, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí obì tàbí ẹ̀bùn kékeré wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ó jẹ́ kí ẹ rí olórí àwọn obìnrin pẹ̀lú, nítorí àwọn obìnrin ni wọ́n ń dáná, tí wọ́n ń pọnmi, tí wọ́n sì mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ óò lọ rí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àti ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, kí ẹ tó kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ti agbègbè náà. Ẹ má ṣe fi ti ọ́fíìsì ṣáájú ti ìlú. Ìwé àṣẹ lè jáde láti òkè kí ó sì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú abúlé kò mọ ohun tí ẹ ń bọ̀ wá ṣe.

Ẹ béèrè bóyá ẹnìkan ti gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wá rí. Bí wọ́n bá fi kànga ẹ̀rọ tí ó ti bàjẹ́ tàbí iná oòrùn tí bátìrì rẹ̀ ti kú hàn yín, ẹ dúró, kí ẹ sì gbọ́ ìtàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ óò rí ohun tí ó pa á: bóyá kò sí ẹni tí ó ni ín, bóyá ẹ̀yà ara rẹ̀ kò sí lọ́jà, tàbí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹnìkan tí ó ti kúrò ní ìlú.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ka ìdọ̀tí kí ẹ tó ka owó

Fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹnìkan ní abúlé náà máa fi garawa wọn ohun tí ó ń jáde lójoojúmọ́: ìgbẹ́ màlúù, ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti adìẹ, èèpo iṣu àti ẹ̀gẹ́, àjẹkù oúnjẹ, àti koríko tí wọ́n fọ̀ kúrò nínú ṣàkì ní odò ẹran. Kí ó kọ ọ̀rá àti ike sí ọ̀tọ̀, nítorí ìyẹn kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú àgbá gáàsì.

Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ yóò sọ pé kí a kúkú máa sun ọ̀rá náà kí a fi ṣe iná mànàmáná bí wọ́n ti ń ṣe nílẹ̀ òkèèrè. Lóòótọ́, Addis Ababa ní Ẹtiópíà ṣí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2018. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ńlá ni, ó ń sun ìdọ̀tí ní ìwọ̀n ooru tí ó ga gan-an, ó sì ní ohun tí ń sẹ́ èéfín rẹ̀. Bí a bá sun ọ̀rá nínú àgbá irin lẹ́yìn ilé ìdáná ilé-ẹ̀kọ́, èéfín olóró ni àwọn ọmọ yóò máa fà símú. Ike àti agolo, ẹ tà wọ́n fún àwọn tí ń ra bola (pàǹtí); ọ̀rá tí wọn kì í rà, kí àlejò tí ó gbé e wá gbé e padà.

Ẹ ṣọ́ra nípa màlúù. Màlúù kan lè ya ìgbẹ́ tí ó tó kílò 10 lóòjọ́, ṣùgbọ́n màlúù àwọn Fúlàní máa ń jẹko káàkiri lójú ọ̀sán, èyí tí ó bá yà ní gáà lóru nìkan ni ọwọ́ lè tẹ̀, kò sì ju nǹkan bí ìdajì lọ. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì ti mú, ọ̀pọ̀ darandaran yóò kó ẹran wọn lọ sí gúúsù. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹ béèrè ní gáà pé ẹran mélòó ni yóò kù ní oṣù Kejì, kì í ṣe mélòó ni ó wà ní oṣù Kẹsàn-án. Bí ìdáhùn wọn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, odò ẹran tí ó sún mọ́ yín ni kí ẹ gbójú lé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Àgbá gáàsì

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú àgbá kò ṣòroó lóye. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí kì í fẹ́ atẹ́gùn ni wọ́n ń jẹ ìdọ̀tí inú omi, wọ́n sì ń tú báyógáàsì jáde. Ìdá 50 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ gáàsì tí ń jó, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní méténì. Ooru tí ó tó ìwọ̀n 30 sí 40 ni ó bá wọn lára mu jù lọ, èyí ni Àbújá fi dára fún wọn ní ọ̀pọ̀ oṣù. Nígbà ọyẹ́, pàápàá lóru, iṣẹ́ wọn máa ń falẹ̀, gáàsì a sì dínkù.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní gáà tí ó wà nítòsí lè fún yín ní kílò 40 ìgbẹ́ màlúù lójoojúmọ́, ìyẹn láti ara nǹkan bí màlúù mẹ́jọ tí ń sùn níbẹ̀. Ẹ óò fi lítà 40 omi pò ó, àpapọ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ nǹkan bí lítà 80. Bí ó bá ní láti lo ọjọ́ 40 nínú àgbá kí ó tó jáde, àyè tí ìdọ̀tí nìkan ń fẹ́ yóò jẹ́ lítà 3,200, láìtíì ka àyè tí gáàsì yóò dúró sí. Gáàsì tí ẹ óò rí lóòjọ́ yóò lè jó sítóòfù ojú kan fún bíi wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin. Ìyẹn tó láti se ẹ̀kọ tàbí ọbẹ̀, ó sì máa dín igi ìdáná kù, ṣùgbọ́n kò lè se ìrẹsì gbogbo ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ sọ èyí fún àwọn ará abúlé láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé igi ìdáná ti di ohun ìgbàgbé.

Kí ẹ tó gbẹ́ kòtò, ẹ wádìí ibi tí wọ́n ti ń se oúnjẹ. Ètò oúnjẹ ọ̀fẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016 fún àwọn ọmọ kíláàsì kìíní sí ìkẹta gba àwọn obìnrin àdúgbò láti se oúnjẹ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì sè é nílé kí wọ́n tó gbé e wá sí ilé-ẹ̀kọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀ níbi tí ẹ yàn, ẹ̀bá ilé ìdáná obìnrin náà ni ó yẹ kí àgbá wà. Ó lè dun ẹgbẹ́ pé fọ́tò rẹ̀ kò ní fi pátákó ilé-ẹ̀kọ́ hàn, àmọ́ ẹni tí ó ń lo gáàsì ni yóò máa bọ́ àgbá láìsí pé ẹnìkan rán an, ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́ kò sì ní dá a dúró.

Irú àgbá mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Èyí tí a fi bíríkì mọ sínú ilẹ̀, tí orí rẹ̀ rí roboto, lè lò tó ọdún 15 sí 20 bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n mọ bá jẹ́ bíríkìlà tí ó kọ́ iṣẹ́ náà gan-an. Bíríkìlà tí ń kọ́ ilé lásán kò lè mọ ọ́n kí gáàsì má jò. Èyí tí ó ní ìdérí irin tí ń lọ sókè sódò máa ń jẹ́ kí ènìyàn fi ojú rí iye gáàsì tí ó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n irin náà a máa dípẹtà. Àpò onírọ́bà ni ó rọ owó jù, ewúrẹ́ kan ṣoṣo sì lè fi ìwo bà á jẹ́. Ti bíríkì ni mo fara mọ́ bí owó bá wà. Bí kò bá sí, ẹ kó owó jọ fún ọdún kan sí i dípò kí ẹ ra àpò.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ gbẹ́ kòtò, kí omi abẹ́ ilẹ̀ má baà yọ sínú rẹ̀. Kí ó jìnnà sí kànga ní mítà 15 ó kéré tán, kí oòrùn máa rí i, kí ó má sì sí lábẹ́ igi ńlá tí gbòǹgbò rẹ̀ lè sán an. Ẹ ṣe ọgbà yí i ká, kí ẹ sì fi ìdérí tí ọmọdé kò lè ṣí bo ẹnu àbáwọlé àti àbájáde rẹ̀. Páìpù gáàsì gbọ́dọ̀ máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ padà sí apá àgbá, kí omi tí ó bá kórajọ sínú rẹ̀ lè ṣàn kúrò. Níbi tí ó bá ti lọ sílẹ̀ jù, ẹ fi kọ́ọ̀kì kékeré síbẹ̀ kí wọ́n máa ṣí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ da ìfófòó ọṣẹ sí gbogbo oríkèé páìpù. Ibi tí ó bá ti ń hó, ibẹ̀ ni gáàsì ti ń jò.

Iṣẹ́ òwúrọ̀ ni ó yẹ kí ẹ rí pẹ̀lú ojú ara yín kí ẹ tó padà sílé. Obìnrin tí ó mọ iṣẹ́ náà yóò kọ́kọ́ ṣa koríko gígùn àti òkúta kúrò nínú ìgbẹ́, yóò da omi sí i, yóò sì fi igi rò ó bí ẹni ń ro àmàlà títí tí kókó kankan kò fi ní sí nínú rẹ̀. Bí ó bá ti dà á sẹ́nu àbáwọlé, omi dúdú tí ó ti jẹrà tán, tí òórùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, yóò rọra yọ ní ẹnu kejì. Omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì tàbí ẹ̀wà wúlò fún pípò. Omi ọṣẹ, hípò àti ògùn kòkòrò yóò pa àwọn kòkòrò inú àgbá. Àjẹkù oúnjẹ náà dára, ṣùgbọ́n kí wọ́n gé e wẹ́wẹ́, kí ó má pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí èèpo ọsàn má sì kún inú rẹ̀, nítorí inú àgbá lè kan. Ìgbẹ́ adìẹ le ju ti màlúù lọ. Omi púpọ̀ ni kí wọ́n fi là á.

Gáàsì àkọ́kọ́ kì í jó, nítorí atẹ́gùn lásán àti gáàsì tí kì í jó ni ó pọ̀ nínú rẹ̀. Kí wọ́n tú u dànù síta, níbi tí iná kò sí, kí wọ́n sì dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ọyẹ́. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: gáàsì tí ó bá dà pọ̀ mọ́ atẹ́gùn lè bú gbàmù, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣáná sí ẹnu àgbá láti dán an wò, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀ láti tún un ṣe. Bí ilé ìdáná bá ń rùn bí ẹyin tí ó ti bàjẹ́, kí wọ́n ti kọ́ọ̀kì, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn, kí wọ́n sì jáde.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ọgbà ẹ̀fọ́

Ọgbà kò le tó àgbá, omi nìkan ni ìṣòro rẹ̀. Ebè tí ó fẹ̀ ní mítà kan, tí ó sì gùn ní mítà márùn-ún, yóò mu tó lítà 20 sí 25 omi lóòjọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìyẹn nǹkan bíi kẹ́ẹ̀gì kan. Iye kẹ́ẹ̀gì tí ilé-ẹ̀kọ́ lè rí pọn lóòjọ́ láìgba omi mímu lẹ́nu ẹnikẹ́ni ni iye ebè tí ó gbọ́dọ̀ wà láti oṣù Kọkànlá títí òjò yóò fi padà ní oṣù Kẹrin. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta, kí ó jẹ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ogún ebè máa ń dùn ún wò nínú àwòrán. Kí ìwọ̀n mítà kan náà má sì yí padà, nítorí ọmọdé lè nawọ́ dé àárín rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láìtẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà òjò, ẹ kọ ebè ga kí omi lè ṣàn kúrò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ gbẹ́ ẹ wọlẹ̀ díẹ̀ kí omi lè dúró, kí ẹ sì fi koríko gbígbẹ bò ó.

Ẹ gbin ohun tí asèoúnjẹ ibẹ̀ ń sè. Tẹ̀tẹ̀ yá jù, ó ṣeé ká láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ìṣápá, tí wọ́n ń pè ní yakuwa níbẹ̀, ilá àti ata dára pẹ̀lú. Ẹ fi zogale (mòríńgà) ṣe ọgbà yíká, torí ó ń fara da ọ̀dá, ewé rẹ̀ sì ń lọ sínú ìkòkò. Ẹgbẹ́ tí ó bá gbé irúgbìn ṣọkọ yọ̀kọ̀tọ̀ wá láti ilé kìkì nítorí pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fẹ́ràn rẹ̀, kí ó má yà á lẹ́nu bí ó bá bá a tí ó ti so èso gbẹ láìsí ẹni tí ó ká a.

Omi dúdú tí ń jáde láti inú àgbá ni ajílẹ̀ ọgbà náà. Ẹ fi omi là á ní ìlọ́po méjì, kí ẹ sì dà á sí ilẹ̀, kì í ṣe sí orí ewé. Fún tẹ̀tẹ̀, kí wọ́n dà á kí wọ́n tó gbin irúgbìn, kí wọ́n má sì dà á mọ́ títí wọ́n á fi ká a. Fún ilá àti ata, kí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Bí àgbá bá ti gba ìgbẹ́ ènìyàn rí, omi rẹ̀ kò gbọdọ̀ dé ọgbà ẹ̀fọ́. Ìdí igi eléso ni kí wọ́n máa dà á sí.

Ọ̀rọ̀ méjì ni kí ẹ fi sínú ìwé àdéhùn tí ẹ bá ilé-ẹ̀kọ́ ṣe. Èkíní ni pé ọgbà kò gbọdọ̀ di ibi ìjìyà fún ọmọ tí ó pẹ́ dé, bí ó ti máa ń rí ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ọmọ tí wọ́n bá fi ebè jẹ níyà yóò kórìíra oko títí ayé. Èkejì ni pé ní àkókò ìsinmi, pàápàá ìsinmi gígùn tí koríko ń hù lọ́wọ́ òjò, ìdílé kan tí ó ń gbé nítòsí ni yóò máa tọ́jú ọgbà, òun ni yóò sì ni gbogbo ohun tí ó bá ká lákòókò náà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ọjọ́ ìbẹ̀wò àti owó

Oṣù Kẹwàá ni mo fẹ́ràn jù. Ọgbà tutù yọ̀yọ̀ nígbà náà, omi Gurara ṣì kún, ọjọ́ kìíní oṣù náà sì jẹ́ ìsinmi fún gbogbo wa. Bí ẹ bá lọ dé Gurara, kí ẹnikẹ́ni má wọ omi náà, nítorí òkúta ibẹ̀ ń yọ̀, agbára omi sì pọ̀. Ẹ béèrè bí ojú ọ̀nà ti rí lọ́wọ́ maiangwa ní ọjọ́ méjì ṣáájú àti ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kí ẹ sì ti wà lọ́nà ilé ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Àwọn obìnrin abúlé ni kí wọ́n se oúnjẹ ọjọ́ náà, kí ẹ sì san owó rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń san án fún asèoúnjẹ ní Wuse. Ẹ ra ìkòkò lọ́wọ́ àwọn amọ̀kòkò ní iye tí wọ́n pè é, ìnájà ọjà Bódìjà kò yẹ ibẹ̀. Àwọn Gbagyi máa ń gbé ẹrù lé èjìká, àlejò sì máa ń sáré yọ fóònù. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ ẹni náà kí ẹ tó ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ má sì ya ọmọdé rárá láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ gbà. Kò sí jíjù súìtì fún àwọn ọmọ, kò sí fífún ẹnì kọ̀ọ̀kan lówó. Bí ẹ̀bùn bá wà, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni kí ẹ gbé e fún lójú gbogbo ènìyàn. Àjẹkù yín, tí ẹ ti ṣa egungun kúrò nínú rẹ̀, ni kí àwọn àlejò fúnra wọn fi bọ́ àgbá lọ́jọ́ náà lábẹ́ ojú obìnrin tí ó ni iṣẹ́.

Ní ti owó, ká ní ènìyàn 40 ni ó forúkọ sílẹ̀, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì san ₦6,000 yàtọ̀ sí owó ọkọ̀. Èmi yóò pín in báyìí: ₦2,500 fún oúnjẹ, ₦1,000 fún afinimọ̀nà àti ibi ìmọ ìkòkò, ₦1,500 fún owó oṣù ẹni tí ń bọ́ àgbá, ₦1,000 fún àpò àtúnṣe. Èyí ẹ̀kẹta nìkan yóò jẹ́ ₦60,000, tí í ṣe ₦20,000 lóṣù fún oṣù mẹ́ta. Nítorí náà ẹ ó rí i pé ìbẹ̀wò kan lọ́dún kò lè gbé e, àfi kí ẹgbẹ́ mẹ́ta mìíràn dara pọ̀ mọ́ yín, kí oníkálukú mú oṣù mẹ́ta tirẹ̀. Owó kíkọ́ àgbá wá láti ibòmíràn, láti inú owó ìdáwó ẹgbẹ́. Kí owó àtúnṣe wà ní báńkì lábẹ́ ìbuwọ́lùwé ènìyàn méjì, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ obìnrin láti abúlé, kí wọ́n sì lẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ́ ara ògiri ilé-ẹ̀kọ́ ní èdè tí àwọn ará ibẹ̀ lè kà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Oṣù Kejì

Ẹni méjì péré ni kí ó lọ lóṣù Kejì, láìsí bọ́ọ̀sì àti láìsí kámẹ́rà, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú jù lọ. Kí wọ́n tan sítóòfù. Bí iná rẹ̀ bá jẹ́ búlúù, ó dára. Bí kò bá jó rárá, kí wọ́n béèrè iye garawa tí ó wọ inú àgbá ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá kí wọ́n tó dá páìpù lẹ́bi. Kí wọ́n wo rọ́bà tí ó so páìpù mọ́ sítóòfù, nítorí ó máa ń sán, kí wọ́n sì pààrọ̀ irun irin tí ń sẹ́ òórùn ẹyin kúrò nínú gáàsì bí ó bá ti dípẹtà tán. Bí àgbá bá ti wà láìjẹun fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kí wọ́n má ṣe dà kílò 40 sí i lọ́jọ́ kan náà. Kílò 10 ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n máa fi kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí yóò fi padà bọ̀ sípò, kí wọ́n sì san owó oṣù tí ó bá wà nílẹ̀ fún ẹni tí ń bọ́ ọ kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀.